Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Ẹgbẹ́ Sọ Lórí Ìlù Ọkàn Tí Kò Lọ Déédéé



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ti ọ̀nà tàbí ti omi ẹ̀rọ. Ìyá kan ní ìlú wa ni ó sún wa sí i. Fún ọdún 3 ni ìyá náà fi ń dákú lójijì, tí a sì ń pè é ní wárápá. A kò jẹ́ kí ó súnmọ́ iná ìdáná tàbí kànga mọ́, a sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, tí ó sì wo aago, ìgbà 32 péré ni ọkàn rẹ̀ lù ní ìṣẹ́jú kan. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ wárápá náà gbọ́, ojú sì ń tì wá láti sọ ọ́.

Ọkàn ènìyàn ní ìyáàlù tirẹ̀. Ẹran kínkínní kan ni, ní apá ọ̀tún lókè ọkàn, tí ń ta iná díẹ̀ jáde nígbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan bí ara bá sinmi. Iná yìí ń gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo sọ̀kalẹ̀ lọ sí apá ìsàlẹ̀, èyí tí ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Bí ọ̀nà náà bá dí, ìyáàlù yóò máa lù, ṣùgbọ́n omele kò ní gbọ́ ọ mọ́. Yóò máa lu tirẹ̀ lọ́ra-lọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ tó, ẹni náà yóò sì ṣubú.

Ní Stockholm, olú-ìlú Sweden, ni a ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ sínú ara ènìyàn nítorí irú àìsàn yìí, ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, ọdún 1958. Arne Larsson ni orúkọ aláìsàn náà, ẹni ọdún 43 ni. Åke Senning ni oníṣẹ́ abẹ, Rune Elmqvist ni ó ṣe ẹ̀rọ. Agolo pólíìṣì bàtà ni Elmqvist fi mọ ẹ̀rọ náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wákàtí díẹ̀ péré ni ó fi ṣiṣẹ́ kí ó tó dákẹ́, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Larsson, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti bẹ àwọn méjèèjì títí wọ́n fi gbà, wà láyé di ọdún 2001. Ó lo ẹ̀rọ tí ó ju 20 lọ, ó sì sin oníṣẹ́ abẹ àti onímọ̀ ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀rọ òde òní kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Abẹ́ awọ lókè àyà ni a ń fi í sí, wáyà rẹ̀ yóò sì gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn. Bí ọkàn bá ń lù fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ yóò dákẹ́. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹ̀rọ yóò ta á jí.

Àwọn mìíràn wà tí ọkàn tiwọn ń sáré, nítorí pé a bí wọn pẹ̀lú ojú ọ̀nà kejì tí iná ń gbà yí po. Fún irú wọn, oníṣègùn yóò ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan tí ó wà lókè itan lọ sínú ọkàn, yóò sì fi orí okùn náà jó ọ̀nà àlékún náà pa. Ibi tí a ó jó kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ní ti ọkàn àwọn àgbàlagbà tí ń gbọ̀n tí kò sì ní ìlù kan pàtó, Haïssaguerre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux fi hàn ní ọdún 1998 pé inú iṣan tí ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ ni ó sábà ń bẹ̀rẹ̀. A ń jó àyíká ibẹ̀, ṣùgbọ́n èyí máa ń padà wá nígbà mìíràn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó ń fa rọpárọsẹ̀.

Ẹ̀rọ kẹta ni ti Michel Mirowski, tí a kọ́kọ́ fi sí ènìyàn lára ní Baltimore ní oṣù kejì ọdún 1980. Ikú òjijì ọ̀gá rẹ̀ ni ó mú un ronú kàn án. Ẹ̀rọ yìí ń ṣọ́ ọkàn, bí ọkàn bá sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ìgbọ̀nrìrì tí ń pani, yóò fi iná gbá a padà bọ̀ sípò.

Ìyá wa ti gba ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì ti ń dáná fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù tí ó ń bà wá nísinsìnyí ni ti bátìrì. Láàárín ọdún 5 sí 15 ni ó ń tó pààrọ̀, àyẹ̀wò sì gbọ́dọ̀ máa wáyé kí ó tó tán. Ọmọ ìlú wa kan ní ara òun ti yá, ó sì kọ̀ láti lọ.

Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi ti béèrè bí ẹ̀rọ tí a yọ lára òkú bá lè wúlò fún alààyè. Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn Montreal gbé jáde ní ọdún 2020 fi ẹni 1,051 tí wọ́n gba irú rẹ̀, ní Mẹ́síkò àti ilẹ̀ mẹ́ta mìíràn, wé ẹni 3,153 tí wọ́n gba tuntun ní Kánádà. Wọn kò rí ìyàtọ̀ kan tí ó ṣe é gbára lé nínú iye àwọn tí kòkòrò àrùn mú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni ó fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì dán an wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dì í mọ́ ẹrù wá sílé. Owó bátìrì ìyá wa ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí akápò.

Bí ìpàdé bá parí, nọ́ọ̀sì náà yóò jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn láti kọ́ wa bí a ti ń ka ìlù ọrùn ọwọ́. Kí ẹni tí ó bá ní aago ọwọ́ dúró.