Dídán Iṣẹ́ Wò Kí Ó Tó Dé Ọwọ́ Aráyé

Olóòtú ètò yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí ó dà bí ẹni pé ó jìnnà sí wa ní agbègbè Èjìgbò, ṣùgbọ́n tí èso rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́.

Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà ní ilé-ìwé girama. Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n pè é. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ ohun tí ń bẹ lójú ẹ̀rọ náà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Android ni ètò tí ó ń darí rẹ̀, Linux sì ni ó wà ní ìsàlẹ̀ Android. Kernel ni àwọn onímọ̀ ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ekùrọ́. Orúkọ náà sì bá a mu, nítorí pé òun ni ó wà ní àárín gbùngbùn: òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ, òun ni ó sì ń bá bátìrì, ojú ẹ̀rọ àti ibi ìpamọ́ sọ̀rọ̀ kí ètò mìíràn tó lè ṣe ohunkóhun. Ekùrọ́ náà ni n óò máa pè é.

Ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò ti àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú àpótí. Ẹnikẹ́ni ni ó lè kà á, ẹnikẹ́ni ni ó lè tún un ṣe, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè lò ó láìsan kọ́bọ̀. Láti ọdún 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tí ó lágbára jù lọ láyé ni ó ń lo Linux.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, ta ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò? Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ẹ̀dà tuntun kan a jáde. Àtúnṣe tí ó wọ inú ẹ̀dà kan ṣoṣo máa ń lé ní 10,000, láti ọwọ́ àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn kò fojú kan ara wọn rí. Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Iṣẹ́ méjì lè dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má sì lè gbé pọ̀. Bí àpẹẹrẹ, ẹnìkan lè pa orúkọ irinṣẹ́ kan dà nínú àkọsílẹ̀, kí ó sì ṣàtúnṣe gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ náà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ẹlòmíràn lè parí iṣẹ́ tuntun tí ó ń pe irinṣẹ́ náà ní orúkọ àtijọ́. Olúkúlùkù wọn kò ṣẹ̀ nínú ilé tirẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ wọn bá pàdé ni gbogbo rẹ̀ yóò kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ṣiṣẹ́.

Nítorí èyí ni Stephen Rothwell, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ṣe dá àkójọ kan tí à ń pè ní linux-next sílẹ̀ ní ọdún 2008. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó fi ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ iṣẹ́, a ó kó ẹ̀ka iṣẹ́ tí ó lé ní 300 jọ, a ó pa wọ́n pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì yí àpapọ̀ wọn sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Èyí tí ó bá da iṣẹ́ rú, a ó yọ ọ́ sí apá kan, a ó sì ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ín. Báyìí ni ìjà ṣe ń parí kí ọ̀sẹ̀ méjì tí Torvalds fi ń gba iṣẹ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ilé tí a kọ́ tán, òjò ni yóò sọ bóyá ó ń jò. Ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní Èjìgbò, iṣẹ́ ọ̀gbìn ni wọ́n ń kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ mọ̀ pé irúgbìn tí ó ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ kan lè kùnà lórí ilẹ̀ mìíràn, nítorí náà a kì í gbé e fún àgbẹ̀ kí a tó dán an wò káàkiri. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ekùrọ́ yìí rí. Ẹgbẹ́ KernelCI, tí ó wà lábẹ́ Linux Foundation láti ọdún 2019, ní ẹ̀rọ ní ibi púpọ̀ tí ó ń tan ẹ̀dà tuntun wò fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ onídàánwò nìkan ni ó lè dán wò. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí à ń lò níhìn-ín, tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá lókè òkun, tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀, tí iná sì ń kú mọ́ lórí, mélòó nínú rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀? Bí àtúnṣe kan bá ba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ, olùkọ́ kan ní Ìfẹ̀-Ọ̀dàn lè jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan kí kọ̀ǹpútà tí ó kó èsì ìdánwò sí má tàn mọ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni ìdí tí ọmọ wa yóò fi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ olówó tí ó ń jèrè lórí Linux? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé olówó yóò dán ẹ̀rọ tirẹ̀ wò. Kò sí ohun tí yóò mú un dán èyí tí ó ti tà dànù wò. Bí a kò bá ṣe é fún ara wa, kò sí ẹni tí yóò bá wa ṣe é. Yàtọ̀ sí èyí, bí ẹnìkan bá rí àléébù tí a sì tún un ṣe, a máa ń kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àtúnṣe náà nínú ìwé ìtàn ekùrọ́ náà, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á.

Kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń fi ìwàǹwára ṣe. Ẹ má ṣe fi kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ yín wà nínú rẹ̀ dán an wò. Ẹ wá èyí tí ó ṣe é fi sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ekùrọ́ àtijọ́ wà nínú rẹ̀ kí ẹ lè padà sí i. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, kíkọ́ ekùrọ́ lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà ẹ fi ti iná sí i. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kí ẹ sọ irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́, ẹ̀dà tí ó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, àti ẹ̀dà tí ó kọ́kọ́ kùnà. Láti ibẹ̀, ìṣirò ni ó kù: ẹ gbé èyí tí ó wà láàárín wò, ẹ mọ apá tí àléébù wà, ẹ sì tún apá náà dá sí méjì. Bí àtúnṣe bá tó 10,000, ìdánwò bíi 14 ti tó láti mọ èyí tí ó jẹ̀bi. Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ìṣirò lè fi han kíláàsì rẹ̀ lórí pátákó ni èyí.

Ẹ̀yin olùkọ́, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó wà ní igun ọ́fíìsì kò tíì di ohun àdànù. Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí tiwa náà sọ̀rọ̀ kí ẹ̀dà tuntun tó jáde.