Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Wa Ń Wá Ilẹ̀



Ẹ mọ̀ pé inú gbọ̀ngàn tí a yá lò ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláìní lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ náà ti pọ̀ ju gbọ̀ngàn lọ. Kíláàsì mẹ́ta ń kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Bí olùkọ́ kan ti ń pe ìṣirò ni èkejì ń ka ìwé, ti ta ni ọmọ yóò gbọ́? Bí àwọn tí ó ni gbọ̀ngàn bá sì ní ìnáwó, àwa a palẹ̀ àga mọ́. Ní sáà tí ó kọjá, ẹnu ọ̀nà ni a ti dá àwọn ọmọ padà sílé. Ìtìjú náà kò tíì kúrò lójú wa.

Síbẹ̀, a kò ní torí ìkánjú gba ilẹ̀ ẹjọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí C.M.S. dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, níbi tí Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, ti wọlé ní 1862, kò tètè rí ibùdó. Lẹ́yìn Ìfọ́lé ọdún 1867, Èkó ni ó bọ́ sí. Ó di 1896 kí ó tó dé Ọ̀yọ́, tí a fi wá mọ̀ ọ́n sí St. Andrew's College. Orí ilẹ̀ náà ni Ajayi Crowther University wà lónìí.

Àwọn kan ti fi ilẹ̀ lọ̀ wá, a sì dúpẹ́. Èyí tí ó wà lọ́nà odò tẹ́jú, ó sì wù wá gidigidi, ṣùgbọ́n ọmọ ẹbí kan ṣoṣo ni ó wá bá wa. Bí ó ti wù kí olórí ẹbí pàápàá lawọ́ tó, òun nìkan kò lè fi ilẹ̀ ẹbí tọrẹ; àwọn àgbà ẹ̀ka gbogbo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Láti 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ sì ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, ìwé ìjọba di dandan pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ará ilé, ilẹ̀ ni a ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi, owó àwọn awọnlẹ̀ àti ti ìwé ni kí ẹ bá wa gbé. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yóò jókòó ní kété tí ìpàdé yìí bá túká. Kí ẹbí tí ó bá ní ilẹ̀ rán ẹni mẹ́ta wá, kí olórí ẹbí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.