Ohun tí Ọ̀dọ́ Yóò Tẹ́ Sùn ní Àgọ́

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àti ẹ̀yin òbí wọn, ọ̀rọ̀ òní kò ga rárá. Ilẹ̀ gan-an ni ó wà. Ọ̀rọ̀ ohun tí ọmọ yóò tẹ́ sílẹ̀ sùn ní àgọ́ ni.

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1954, ti sọ lílọ sí àgọ́ ìsinmi di àṣà láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n láti Lekki títí dé Ajah, irú ọmọ mẹ́ta ni ó máa ń dé ẹnu ọ̀nà àgọ́. Ọ̀kan gbé àpò ìsùn olówó gọbọi tí bàbá rẹ̀ rà láti òkè òkun. Èkejì ń wọ́ tìmùtìmù ńlá sọ̀kalẹ̀ nínú dánfó, tí awakọ̀ ti gba owó ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta kó ìró ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo dání, orí sìmẹ́ǹtì ni yóò sùn. Ẹ̀kẹta yìí ni ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe àwọn àgbà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní gbádùn ìrun Àsùbá, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tòògbé nídìí ẹ̀kọ́ tí ó tìtorí rẹ̀ wá. Òbí mìíràn wà tí ó rí iye owó àpò ìsùn ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì ní kí ọmọ jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò nílò rẹ̀.

Kí ni àpò ìsùn? Aṣọ alápò tí wọ́n ki ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tàbí òwú àtọwọ́dá sínú rẹ̀ ni, kí ooru ara má baà sá lọ. Ilẹ̀ olótùútù ni ó ti wá. Ní ọdún 1876, oníṣòwò kan ní ilẹ̀ Wales tí ń jẹ́ Pryce Jones gba àṣẹ lórí irú rẹ̀ kan, ó sì tà á fún àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tí wọ́n dó ti àwọn Mùsùlùmí Túrkì ní Plevna ní ọdún 1877. Òtútù ibẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Títí di òní, àwọn tí ń ṣe é máa ń kọ ìwọ̀n òtútù tí ó lè gbà sí i lára. Ẹni tí ó bá rí òdo tàbí márùn-ún níbẹ̀ kí ó mọ̀ pé kì í ṣe ti Èkó. Ní Lekki, òru kì í sábà tutù ju ìwọ̀n 22 lọ, àfi nígbà ọyẹ́. Ọmọ tí ó bá wọ inú àpò bẹ́ẹ̀ yóò làágùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ìyẹ́ inú rẹ̀ bá sì tutù, yóò lẹ̀ mọ́ra, kò ní wúlò mọ́.

Ohun tí ó tó ni aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí òbí ra yáàdì márùn-ún, kí télọ̀ gé e sí méjì ọgbọọgba, kí ó rán wọn pọ̀ ní ìsàlẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó dá òkè sí, kí ó sì dá apá kan nínú ẹ̀gbẹ́ kan sí kí ọmọ lè rí ọ̀nà wọlé. Ó ń bo ara, ó ṣe é fọ̀, ó sì wọ inú àpò ìwé. Owó tí ó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n fi ra àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn, nítorí òru ni ẹ̀fọn tí ń fa ibà máa ń jáde. Ẹní tí ó dára jù lọ láyé kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ibà.

Ẹní gan-an ni kókó. Ohunkóhun tí ènìyàn bá fi bora, apá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ooru kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ni ó ń gba ooru ara lọ. Ilẹ̀ Lekki sì jẹ́ iyanrìn láàárín ọ̀sà àti òkun, omi kò jìnnà sí òkè rẹ̀, ọ̀rinrin a sì máa gòkè lóru. Nítorí náà, ọ̀rá tí ó nípọn ni kí ọmọ kọ́kọ́ tẹ́, kí ẹní tó tẹ̀ lé e. Pàápàá ní oṣù kẹfà, àti ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, tí òjò pọ̀.

Ẹní fàfá dára, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ó gùn láti gbé nínú ọkọ̀. Ẹní ọ̀rá fúyẹ́, kò sì mu omi, àmọ́ ó tín-ín-rín. Egungun ìbàdí yóò kan ilẹ̀. Fóòmù inú ilé rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mu omi bí kànìnkànìn. Èyí tí ó yẹ jù ni fóòmù pẹlẹbẹ tí ihò inú rẹ̀ dí, tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, tí kò wúwo ju ìdajì kílò lọ. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á da omi díẹ̀ sí i: bí omi bá ṣàn kúrò, kí ó rà á, bí ó bá fà á mu, kí ó fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó gùn dé ẹsẹ̀. Láti èjìká dé orúnkún tó. Àpò aṣọ ni ìrọ̀rí.

Ẹní tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí tún wà. Àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Boeing ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Seattle ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1972, tí wọ́n ṣe èyí tí ń fa atẹ́gùn sínú fúnra rẹ̀. Ó tura púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan tàbí ìkarahun kan ní etí òkun ti tó láti sọ ọ́ di aṣọ lásán, ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń lẹ̀ ẹ́ kí ó má gbé e.

Awọ tí wọ́n ki fọ́nrán igi ọ̀pẹ sínú ni ibùsùn Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Umar sì sunkún nígbà tí ó rí àpá ẹní ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí olùdarí àgọ́ má ṣe fi ìtàn yìí bo àìtọ́jú mọ́lẹ̀ o. Ànábì yàn án fún ara rẹ̀ ni. Ọmọ ọlọ́mọ tí a gbà sí àgọ́, àmánà ni.

Sunna mìíràn wà tí ó bá àgọ́ mu rẹ́gí: kí ènìyàn gbọn ibùsùn rẹ̀ kí ó tó dùbúlẹ̀, nítorí kò mọ ohun tí ó ti wọ ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú iyanrìn àti koríko Ajah, èèrà àti àkekèé kò ṣọ̀wọ́n. Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, kí ó gbọn ẹní náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó yí ojú rẹ̀ tí ó kan ilẹ̀ sókè sí oòrùn títí yóò fi gbẹ, kí ó tó ká a. Èyí tí a bá ká ní tútù yóò ti máa rùn kí alẹ́ tó lẹ́.