Àárọ̀ Ọyẹ́ Lábúlé àti Ìsinmi Àwọn Àgbà
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ìpàdé àwọn ìdílé sọ)

 

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lónìí nípa àárọ̀ ọyẹ́ ní abúlé, àti irú ìsinmi tí Ọlọ́run fẹ́ fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ dàgbà.

Láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì ọdún, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pẹ̀lú eruku láti ìhà orílẹ̀-èdè Chad. Ní ìlú ńlá, wàhálà ni ọyẹ́: eruku lórí gbogbo nǹkan, ikọ́, ètè tó ń là. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ abúlé ní adùn tirẹ̀. Oòrùn á yọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí òṣùpá. Àwọn àgbà á yí iná ká, aṣọ òtútù á wà lára wọn, wọ́n á ti fi òrí pa ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Ẹ̀kọ gbígbóná á dé, àkàrà á tẹ̀ lé e. Ọsàn ti pọ́n, agbálùmọ̀ ti ń jábọ́. Kò sí ariwo ọkọ̀, àkùkọ ló ń kọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè ṣí Bíbélì rẹ̀ láìkánjú, kí ó sì dárúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run.

Kì í sì ṣe àkókò ọ̀lẹ. Ilẹ̀ àkùrọ̀ ṣì tutù nígbà tí oko òkè ti gbẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bomi rin ẹ̀fọ́, ewédú àti ata. Kòkó tó kù lórí igi ń bọ̀ wálẹ̀, oòrùn sì wà láti sá a. Ẹni tó ní adìẹ díẹ̀ àti ewúrẹ́ méjì ti ní ohun tó ń jí sí lójoojúmọ́.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ ka Míkà 4:4 àti Sekaráyà 8:4-5. Nígbà tí àwọn wòlíì wọ̀nyí fẹ́ sọ bí ìlú tí Ọlọ́run tún ṣe ṣe máa rí, wọn kò ka ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èkíní rí ènìyàn lásán tó jókòó lábẹ́ igi ara rẹ̀ láìsí ohun tó ń dẹ́rù bà á. Èkejì rí arúgbó tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ ní ìgboro, tí àwọn ọmọdé ń ṣeré níwájú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ibi tí àgbà bá ti lè jókòó láìbẹ̀rù, ìdájọ́ òdodo ti dé ibẹ̀.

Kí ló wá ń ba àwọn àgbà wa lẹ́rù?

Ẹ wo àárọ̀ ọyẹ́ mìíràn. Wọ́n kéde àyẹ̀wò àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá tó fi ọdún 35 ṣe olùkọ́ á jí ní aago mẹ́rin òru, á wọ ọkọ̀ lábúlé, á to sórí ìlà nínú òtútù nígboro. Nígbà tó bá kàn án, wọ́n á ní lẹ́tà kan kù, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ló ṣẹ̀?

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Mo mọ bí fáìlì ṣe ń rìn, mo sì mọ bí ó ṣe ń sùn. Bí fáìlì kan bá sùn sórí tábìlì nígboro, bàbá kan wà lábúlé tí kò rí owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Owó yìí kì í ṣe sàárà. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, èyí tó rọ́pò òfin ọdún 2004, ó kéré tán 8% owó oṣù òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń yọ, agbanisíṣẹ́ á sì fi ó kéré tán 10% sí i. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 173 àti 210, pàṣẹ pé kí wọ́n máa tún owó ìfẹ̀yìntì yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù bá yí padà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Agbanisíṣẹ́ tó bá yọ owó tí kò fi ránṣẹ́, kó lọ ka Jákọ́bù 5:4. Owó tí wọ́n há mọ́ alágbàṣe lọ́wọ́ ń ké, Ọlọ́run sì ń gbọ́.

Ẹ̀yin àgbà, tótó ó ṣe bí òwe o: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni, àwa ọmọ kò sì gbọdọ̀ sá. Ṣùgbọ́n ìjọba kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn òwe yìí. Àgbẹ̀ tí kò gba owó oṣù rí náà ńkọ́? Ní ọdún 2011, Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn arúgbó ní ₦5,000 lóṣooṣù. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ilé iṣẹ́ PTAD ti ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti gbé ọ̀nà kalẹ̀ tí ẹni tó fẹ̀yìn tì lè fi jẹ́rìí lórí fóònù pé òun wà láàyè, láìrìnrìn-àjò. Ohun tó ṣeé ṣe níbì kan kò yẹ kó di èèwọ̀ níbòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan mẹ́rin.

Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kó lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ti ìgbéga àti ìwé ọjọ́ orí yín síbi kan. Ẹ máa béèrè ìwé àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín lọ́dọọdún, kí ẹ rí i bóyá owó ń wọlé.

Èkejì, ẹ̀yin ọmọ tó wà nígboro, ẹ lọ sílé kí ọyẹ́ tó mú. Ẹ mú aṣọ òtútù àti oògùn dání. Ẹ ro àyíká ilé àti etí oko kòkó, kí iná ìgbẹ́ má bàa jó iṣẹ́ ogún ọdún run lọ́sàn-án kan.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ wa yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa bá àwọn àgbà kọ ìwé, tí yóò sì máa bá wọn dé ọ́fíìsì. Kí a tún béèrè lọ́wọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ ìdí tí kò fi sí oògùn ní ilé ìwòsàn abúlé, nígbà tí òfin ìlera ọdún 2014 ti ya owó sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí fáìlì wà níwájú yín, ẹ má jẹ́ kó sùn. Ìjọsìn ni.

Kí Olúwa jẹ́ kí àwọn òbí wa jẹun ọmọ, kí wọ́n sì jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn pẹ̀lú. Kí àárọ̀ ọyẹ́ wọn tòrò, kí ìbẹ̀rù jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn. Kí ó fún àwa náà ní ọkàn láti ṣe òdodo kí ogbó tiwa tó dé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.