Iṣẹ́ Ìyanu ha ti Dópin Bí?



Ìbéèrè kan wà tí a ń gbọ́ léraléra: ìran, ìfihàn àti ìwòsàn nípa àdúrà ha ti bá àwọn Àpọ́sítélì wọ ibojì bí? Àwọn kan dáhùn pé, níwọ̀n bí a ti ní Bíbélì lódindi, a kò tún nílò àmì mọ́. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ ka gbogbo àlá sí ohùn Ọlọ́run. Ó yẹ kí apá méjèèjì gbọ́ ìtàn William Wadé Harris.

Ọmọ ẹ̀yà Grebo ní ilẹ̀ Làìbéríà ni í ṣe. Ní ọdún 1910, nínú ẹ̀wọ̀n tí a sọ ọ́ sí nítorí ọ̀ràn ìṣèlú, ó jẹ́rìí pé áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì fara hàn òun, ó sì rán òun láti wàásù. Ní 1913 ó fi ẹsẹ̀ rìn wọ ilẹ̀ Ivory Coast, tòun ti aṣọ funfun, àgbélébùú ọparun, Bíbélì, àti igbá omi ìrìbọmi. Ìjọ kan kò rán an. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn dáná sun ère òrìṣà wọn, àwọn tí a sì ṣe ìrìbọmi fún tó nǹkan bí 100,000. Nígbà tí ọdún 1914 ń parí lọ, ìjọba Faransé lé e kúrò.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó fi sílẹ̀. Kò ní kí wọn máa retí ìran tuntun. Ó ní kí wọn kọ́ ilé àdúrà, kí wọn sì dúró de olùkọ́ tí yóò mú Bíbélì wá. Wọ́n dúró fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1924, ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tí wọ́n ṣì ń péjọ gbàdúrà.

Níhìn-ín ni ìdáhùn wa wà. Agbára Ọlọ́run kò dínkù. Ṣùgbọ́n bí agogo ìjọ ni àmì rí: ó ń pe ènìyàn wá sí ilé Ọlọ́run, kì í ṣe òun ni ìwàásù.

Nítorí náà, bí ará kan bá ríran láàrin wa, ẹ má ṣe fi í ṣẹ̀sín, ẹ má sì ṣe yára tẹ̀ lé e. Ẹ fi Ìwé Mímọ́ wọn ìran náà, kí ẹ sì dúró wo èso rẹ̀. Ìran tí ń tú ìdílé ká, tí ń pe ìyá arúgbó ní àjẹ́, tí ń kó owó sí àpò aríran, kò ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá.

Bí a bá sì gbàdúrà fún aláìsàn tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ má ṣe wí pé kò ní ìgbàgbọ́. Ìgbà mẹ́ta ni Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nítorí ẹ̀gún ara rẹ̀. A kò mú un kúrò, síbẹ̀ Àpọ́sítélì ni. Ẹ máa bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò, ẹ máa bọ́ ọ, ẹ má sì ṣe dí ọ̀nà ilé ìwòsàn mọ́ ọn.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tí ń rí iṣẹ́ rẹ̀, àti sùúrù láti dúró nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí a kò rí àmì kankan. Àmín.