Ẹkùn Ìdìbò Tí Kò Yí Ohùn Rẹ̀ Padà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọba bá wàjà, àwọn afọbajẹ ni yóò jókòó láti yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ oyè. Wọn yóò difá, wọn yóò gbìmọ̀, ẹni tí oyè kò bá sì wù lè fà sẹ́yìn kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni oyè ìdílé lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Títí di ọdún 1963, bí ẹ̀mí bá ti bọ́ lára baba tí ó jẹ́ Lọ́ọ̀dù, lójú ẹsẹ̀ náà ni oyè ti bọ́ sórí ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó dàgbà jù lọ, ì báà fẹ́, ì báà kọ̀. Ẹni tí oyè bá sì ti bọ́ sí lórí báyìí kò gbọdọ̀ jókòó mọ́ ní Ilé Àwọn Aṣojú tí gbogbo ènìyàn ń dìbò yàn. Ẹkùn ìdìbò kan wà ní ìlú Bristol tí òfin yìí gba aṣojú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn olùdìbò ibẹ̀ ṣe ni ọ̀rọ̀ tòní.

Èbúté ni Bristol, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn òwò ẹrú kò ní ṣàìmọ orúkọ rẹ̀, nítorí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kó ènìyàn kúrò ní etíkun Áfíríkà. Ní ìdìbò gbogbogbòò ti 1950 ni a dá ẹkùn Gúúsù Ìlà-Oòrùn Bristol sílẹ̀, kí ènìyàn kan ṣoṣo máa ṣojú rẹ̀. Ẹkùn àwọn òṣìṣẹ́ ni. Kingswood wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ibi tí àwọn awakùsà èédú àti àwọn aránbàtà ti ń gbé láti ayé àtijọ́. Àwọn awakùsà Kingswood yìí ni John Wesley, tí àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì mọ̀ dáadáa, lọ wàásù fún ní gbangba ìta ní 1739.

Sir Stafford Cripps, mínísítà ètò ìnáwó nínú ìjọba ẹgbẹ́ Labour, ni aṣojú àkọ́kọ́. Àìsàn kò jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Ó fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, a dìbò láti wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 25 kan, Anthony Wedgwood Benn, sì wọlé. Àwọn ará ẹkùn náà tún yàn án ní 1951, ní 1955 àti ní 1959.

Ṣùgbọ́n ewu wà lóko Lóńgẹ́. Ní 1942, nígbà ogun Hitler, wọ́n fi bàbá Benn joyè Viscount Stansgate kí ẹgbẹ́ Labour lè ní ènìyàn sí i ní Ilé Lọ́ọ̀dù. Michael, ẹ̀gbọ́n Benn, ni oyè yẹ kí ó kàn, kò sì ní ohun kan lòdì sí i. Michael kú lẹ́nu iṣẹ́ ogun òfurufú ní 1944. Báyìí ni àrólé yí sórí àbúrò, ẹni tí kò fẹ́ ẹ. Ní 1955, nígbà tí bàbá ṣì wà láàyè, wọ́n gbìyànjú láti fi òfin àkànṣe já okùn náà. Pàbó ni ó já sí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, 1960, bàbá kú. Ọ̀fọ̀ ṣẹ ọmọ, ó pàdánù bàbá, ó sì pàdánù iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ìgbìmọ̀ tí Ilé Àwọn Aṣojú gbé ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́ sọ pé Benn ti di Lọ́ọ̀dù, kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ni wọ́n bá pe ìdìbò mìíràn sí ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, 1961.

Benn tún jáde dupò. Malcolm St Clair ni ẹgbẹ́ Conservative fà kalẹ̀. Ẹ wo bí ayé ti rí: òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí oyè ìdílé, ti Lọ́ọ̀dù Sinclair, lè bọ́ sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n lẹ ìwé káàkiri láti kìlọ̀ fún àwọn olùdìbò pé ẹni tí ó bá dìbò fún Benn, inú omi ni ó ju ìbò rẹ̀ sí. Àwọn ènìyàn kà á, ó yé wọn, wọ́n sì lọ dìbò. Benn gba 23,275. St Clair gba 10,231. Ní 1959, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá a du ẹ̀tọ́ rẹ̀, ìbò tí Benn fi ju alátakò rẹ̀ lọ kò pé 6,000. Nísinsìnyí tí òfin ní kò lè wọlé, ó fi 13,044 jù ú lọ. Kò sí àní-àní pé púpọ̀ nínú àwọn tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò fún un, nítorí pé ẹ̀tọ́ tiwọn náà ni wọ́n rí i pé a fẹ́ gbà.

Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, Benn dé ẹnu ọ̀nà Ilé. Aṣọ́nà kò jẹ́ kí ó wọlé. Ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́ méjì ní ilé ẹjọ́ ìdìbò. Benn kò gba lọ́yà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó rojọ́. Ní oṣù Keje, 1961, àwọn adájọ́ dá a pé níwọ̀n bí àwọn olùdìbò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òfin kò gba Benn láyè, ìbò wọn ti ṣègbé. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gba 10,231 di aṣojú. Àwọn adájọ́ kò ṣe ojúsàájú. Ohun tí òfin wí ni wọ́n tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n fún ọdún méjì gbáko ni ẹkùn kan fi wà lábẹ́ aṣojú tí kò ju ìdá mẹ́ta ènìyàn rẹ̀ lọ tí ó fẹ́ ẹ.

Ìtìjú ọ̀ràn yìí kò jẹ́ kí ìjọba lè sùn. Ilé méjèèjì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ìgbìmọ̀ sì dá a lámọ̀ràn pé kí a fún olóyè láyè láti kọ oyè rẹ̀. Ìjọba fẹ́ kí òfin tuntun náà dúró di ìgbà ìdìbò gbogbogbòò. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé Ilé Lọ́ọ̀dù gan-an ni ó tún un ṣe kí ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọbabìnrin fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, 1963. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Benn kọ oyè rẹ̀ sílẹ̀, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin náà.

Ó yẹ kí a yin St Clair. Ó ti ṣèlérí pé bí òfin bá yí padà, òun yóò yẹra, ó sì yẹra. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, ìdìbò tún wáyé. Ẹgbẹ́ Conservative kò fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀, Benn sì wọlé pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ní àkókò kan náà, àwọn aláwọ̀ dúdú Bristol ń yẹra fún wíwọ bọ́ọ̀sì ìlú, nítorí pé wọn kò gba aláwọ̀ dúdú síṣẹ́ nínú rẹ̀. Benn wà lára àwọn tí ó tì wọ́n lẹ́yìn, kí oṣù náà sì tó parí, wọ́n ṣẹ́gun.

Ẹgbẹ́ Conservative tí kò fẹ́ kí òfin yára ni ó kọ́kọ́ jèrè ńlá nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, 1963, Macmillan fi ipò olórí ìjọba sílẹ̀ nítorí àìlera, Lọ́ọ̀dù Home ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Òun náà kọ oyè rẹ̀, ó sì lọ dupò aṣojú ní ilẹ̀ Scotland kí ó tó lè jókòó ní Ilé Àwọn Aṣojú. Bí kò bá sí ti àwọn òṣìṣẹ́ Bristol, kì bá tí rí ọ̀nà yẹn gbà.

Benn ṣojú ẹkùn náà fún ogún ọdún sí i, ó sì di mínísítà lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 1974, a yọ Kingswood kúrò láti fi dá ẹkùn tuntun sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1979, ìbò tí Benn fi wọlé kò fi 2,000 ju ti alátakò rẹ̀ lọ. Ní 1983, nígbà tí a tún ààlà pín, orúkọ Gúúsù Ìlà-Oòrùn Bristol parẹ́ kúrò nínú ìwé. Benn dupò ní Ìlà-Oòrùn Bristol lọ́dún náà, ó fìdí rẹmi, ó sì di ará Chesterfield ní 1984.

Òfin 1963 kò pa oyè náà rẹ́. Ó dá a dúró di ìgbà tí ẹni tí ó kọ̀ ọ́ bá kú. Benn kú ní oṣù Kẹta, 2014, Stephen, àkọ́bí rẹ̀, sì di Viscount Stansgate. Ní 2021, ó wọ Ilé Lọ́ọ̀dù. Hilary, àbúrò rẹ̀, ti ń jókòó ní Ilé Àwọn Aṣojú láti 1999, níbi tí àwọn olùdìbò ìlú Leeds rán an lọ.