Ajá tó ń tiro: ọ̀rọ̀ ìtọ́jú orúnkún ajá ọdẹ

 

Ọ̀rọ̀ orúnkún ajá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọdẹ mọ̀ pé ajá kì í ṣe ẹran ìṣeré. Òun ló ń gbóòórùn ọ̀yà nínú koríko, òun ló ń lé ehoro, òun ló ń ṣọ́ ilé lóru. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́, ẹran á dín kù nínú ọbẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ajá ń sáré, ó yí padà lójijì, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kó sínú ihò láàárín ebè iṣu. Ó ké. Nígbà tó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, ó ń fi mẹ́ta rìn. A ní eegun ló ṣẹ́. Ṣùgbọ́n eegun lè má ṣẹ́ rárá.

Iṣan líle méjì wà nínú orúnkún, wọ́n gba orí ara wọn kọjá. Wọ́n so eegun itan mọ́ eegun ojúgun. Ti iwájú ló sábà máa ń já. Bó bá já, eegun ojúgun á máa yọ̀ síwájú nígbà tí ajá bá tẹlẹ̀. Ní ara ajá àgbà àti ajá tó sanra jù, iṣan náà ti ń gbó díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀; ohun kékeré lè já a.

Báwo la ṣe lè mọ̀ ọ́n? Bí ajá bá dúró, orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ló fi ń kan ilẹ̀. Bó bá jókòó, ó na ẹsẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́. Orúnkún rẹ̀ wú. Bó bá pẹ́, itan náà á gbẹ ju èkejì lọ. Dókítà ẹran ló lè yẹ̀ ẹ́ wò dájú.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́rin.

Èkínní: ẹ má fa ẹsẹ̀ náà. Iṣan tó já kò ṣeé tò bí eegun.

Èkejì: ẹ má fi igi àti okùn dì í pinpin. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, ẹsẹ̀ lè kú.

Ẹ̀kẹta: ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò. Ibuprofen lè dá egbò sínú ikùn ajá, paracetamol lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀kẹrin: ajá tí ara ń ro lè bu ẹni tó ń bọ́ ọ jẹ. Ẹ fi aṣọ di ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì tú u kíákíá. Bó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí àrùn dìgbòlugi.

Kí ni ká ṣe nígbà náà? Ìsinmi ni. Ẹ so ajá mọ́ abẹ́ ibòji fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kó má sáré, kó má fò. Iṣan tó já kì í so padà, ṣùgbọ́n ara tó yí orúnkún ká á nípọn, á dì í mú. Ọ̀pọ̀ ajá tí kò tó kílò 15 ló ń rìn dáadáa lẹ́yìn ìsinmi bẹ́ẹ̀.

Ajá tó wúwo sábà máa ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ní 1952, Saki Paatsama ní ilẹ̀ Finland kọ̀wé nípa bí a ṣe lè fi awẹ́ ara itan ajá fúnra rẹ̀ rọ́pò iṣan náà. Ní 1993, Barclay Slocum ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa gígé orí eegun ojúgun, kí a yí i, kí a fi irin dè é, kó má yọ̀ mọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pàápàá, ìsinmi kò ṣeé yẹ̀.

Lẹ́yìn ìsinmi, ẹ fi okùn mú un rìn jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí ẹ máa fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù, kó má sanra. Kó tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ má mú un lọ sí ìgbẹ́.

Ẹ má sọ pé ó ti pẹ́ jù. Nínú ajá 10 tí iṣan orúnkún kan já, tí ẹsẹ̀ kejì ń já fún bíi 4 sí 6. Ẹni tó bá kánjú lè pàdánù ajá pátápátá. Ẹni tó bá ní sùúrù, ajá rẹ̀ á tún bá a rọ́dẹ.

Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí kò sí níbí.